Ilé kíkọ́ àti ilé rírà lásìkò tí ọjà ò rìn: ìbéèrè tẹ́ ẹ máa ń bi mí àti ìdáhùn wọn

Látìgbà tí ọjà ilé ti tutù báyìí, ìbéèrè kan náà làwọn èèyàn ń bi mí ṣáá, àtẹni tó fẹ́ rà, àtẹni tó ń kọ́, àtàwọn bíríkìlà tó ń dúró ní jọ́ńṣọ̀n láàárọ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́, kódà àwọn tó kàn háyà yàrá kan. Mo ní kí n kúkú kó wọn jọ síbì kan. Ìbàdàn ni mo ti ń kọ́lé, mo máa ń gbaṣẹ́ dé Ọ̀tà àti Ìkòròdú, ilé kéékèèké la máa ń kọ́, bọ́ńgálò àti fúláàtì, torí náà ojú ibẹ̀ ni mo fi ń wo gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Ṣé òótọ́ ni pé ọjà ilé ti kú? Mo ṣì ń rí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé o.

Kò kú, ó kàn ń rápálá ni. Àwọn ilé tẹ́ ẹ rí tí wọ́n ń kọ́ yẹn, ẹ wádìí ẹ̀ dáadáa, ẹni tó ti kówó jọ tipẹ́ ló ń kọ́ ọ, tàbí ẹni tọ́mọ ẹ̀ ń fi owó ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ẹni tó ń fi owó oṣù kọ́lé, tó máa ń ra àpò sìmẹ́ńtì mẹ́wàá lóṣù yìí, tó máa ra rọ́ọ̀dù díẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, tá a bá ní ká sọ òótọ́ òun gan-an ló kọ́ ìdajì àdúgbò tá à ń gbé, òun ló wá dúró gbagidi báyìí.

Ilé kan wà lẹ́yìn sáìtì mi, wọ́n bá a dé líńtẹ̀ẹ̀lì kí owó tó tán. Wọ́n ti gbin àgbàdo sínú pálọ̀ ẹ̀. Àwọn rọ́ọ̀dù tó yọrí lókè pílà ti dípẹtà, tójò bá rọ̀, omi pupa á máa ṣàn wálẹ̀ lára búlọ́ọ̀kù, ó ti fa ìlà sára ògiri láti òkè délẹ̀. Ìyá tó ń ta búlọ́ọ̀kù níwájú ibẹ̀ sì ní àwọn kan nílẹ̀ tó ti pẹ́ débi pé ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá ti di àwọ̀ ewé. Tẹ́nì kan bá bi mí pé báwo lọjà, ibẹ̀ ni mo máa ń mú un lọ.

Kí ló wá fà á?

Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, oṣù Kẹfà tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi náírà sílẹ̀ fún ọjà láti dá iye ẹ̀. Yanrìn tí típà ń gbé wá, epo ló ń jẹ. Táìsì, wáyà, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló ń wá láti ìlú òkèèrè, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2024, àpò sìmẹ́ńtì kan ti kọjá ₦10,000 láwọn ibì kan.

Ṣùgbọ́n èyí tó dá wa lẹ́kun jù lèlé báńkì. Níbẹ̀rẹ̀ 2022, 11.5% ni òdiwọ̀n èlé CBN, ìyẹn báńkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè yìí, nígbà tó fi di oṣù Kọkànlá 2024 ó ti di 27.5%, báńkì á sì tún lé tiwọn lórí ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi 30% ṣírò. Tẹ́ ẹ bá yá mílíọ̀nù 10 kọ́lé, mílíọ̀nù 3 lèlé nìkan lọ́dún, ìyẹn ₦250,000 lóṣooṣù, ilé ò sì tíì kan páànù o. Tí ilé yẹn bá jókòó fọ́dún méjì kó tó rẹ́ni rà á, mílíọ̀nù 6 ti bá èlé lọ, orí ta lẹ fẹ́ gbé e lé? Orí ẹni tó fẹ́ rà á náà ni, òun náà ò sì ní.

Ṣé kì í ṣe pé ilé ti pọ̀ jù ni?

Rárá o. Ẹ wo ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà nínú yàrá kan kẹ́ ẹ tó sọ bẹ́ẹ̀. Ilé tówó ẹ̀ ga ló pọ̀ tí ò rẹ́ni gbé e, ilé tí tíṣà tàbí nọ́ọ̀sì lè rà ni ò sí.

Ohun kan wà tí mo máa ń bá àwọn ẹgbẹ́ wa jà lé lórí. Tá a bá ti dé iwájú ìjọba, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà ńlá, ẹnì kan á ní ilé mílíọ̀nù 17 la nílò, òmíràn á ní 22, òmíràn 28. Ìkànìyàn tí orílẹ̀-èdè yìí ṣe gbẹ̀yìn, 2006 ni, torí náà àbá ni gbogbo ẹ̀. Nọ́ńbà tó tóbi báyẹn kì í mú ẹnikẹ́ni dìde, ìjọba á kàn mi orí, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kà níbi ṣíṣí ẹ́sítéètì. Ohun tó máa ń dé ọkàn wọn ni kẹ́ ẹ sọ pé níbí yìí, ilé mẹ́rin ti parí, ẹni mẹ́rin fẹ́ rà á, ohun tí ò jẹ́ kí wọ́n rà á rèé.

Ta ló ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ fún àwọn tó ń kọ́lé?

REDAN ni ẹgbẹ́ àwọn dẹfẹ́lópà, òun làwọn èèyàn mọ̀ jù. Àwọn akọ́lé tó kàwé gboyè ní tiwọn, NIOB, àwọn ẹnjiníà àti àwọn ayàwòrán ilé náà ní tiwọn, bíríkìlà àti kápẹ́ńtà sì ní ẹgbẹ́ níjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń kọ́ igba ilé lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn ẹ̀ máa ń dé Àbújá kí tiwa tó dé sẹkitéríàtì ìpínlẹ̀. Ohun tó ń bèèrè sì yàtọ̀ sí tiwa. Òun ń wá ilẹ̀ ńlá lọ́wọ́ ìjọba, àwa ń wá kí wọ́n buwọ́ lu ìwé ilẹ̀ tá a ti fi owó wa rà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fáwọn tó ń kọ́ ilé kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n má jókòó sílé, torí ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Kí lẹ ń bèèrè gan-an? Ṣé kí ìjọba fún yín lówó ni?

Ìwé ilẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan, ìwé ilẹ̀ ni màá mú, màá fi owó sílẹ̀.

Òfin Lílo Ilẹ̀ tí ìjọba ológun ṣe ní 1978 ló kó gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà pé kó máa bójú tó o fún aráàlú. Section 22 ẹ̀ sọ pé ẹni tó ní C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí gómìnà fọwọ́ sí, ò gbọ́dọ̀ ta ilẹ̀ náà tàbí fi dúró gbowó láìjẹ́ pé gómìnà fọwọ́ sí i. Ìyẹn là ń pè ní governor's consent. Lórí ìwé kò burú, ṣùgbọ́n ẹ wò ó pé báńkì tó fẹ́ yá èèyàn lówó ilé, ilé yẹn gan-an ló máa fi ṣe ìdúró, torí náà bí consent ò bá tíì jáde, owó ò ní jáde.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo kọ́ bọ́ńgálò oníyàrá mẹ́ta kan, ọkùnrin kan àti ìyàwó ẹ̀ wá wò ó, òṣìṣẹ́ ìjọba làwọn méjèèjì, ìyàwó ẹ̀ ti ń wọn ibi tó máa gbé fíríìjì sí nínú kíṣìnnì. Báńkì mọ́géèjì wọn, ìyẹn èyí tó fẹ́ yá wọn lówó ra ilé, gbà. Ó ku consent. Mo lọ sí ọ́fíìsì yẹn títí tẹ́ni tó ń ṣọ́ géètì fi mọ orúkọ mi, ojoojúmọ́ ni fáìlì wà lórí tábìlì ọ̀gá kan tó lọ sí ìpàdé. Oṣù mẹ́rìnlá ló gbà. Kó tó jáde, ìwé tí báńkì fi gbà fún wọn ti kọjá ọjọ́, èlé ti yí padà, wọ́n ní owó oṣù wọn ò gbé e mọ́. Ìyàwó yẹn pè mí lórí fóònù, ó ní “ẹ má bínú bọ̀dá,” bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ mí. Mi ò gbàgbé ẹ̀.

Ṣé wọ́n lè yí òfin 1978 yẹn padà?

Ó nira, torí ìwé òfin 1999 ti dì í mọ́ra ní section 315, bí ẹni ń tún ìwé òfin orílẹ̀-èdè ṣe ni, àwọn ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń lo okun mi síbẹ̀. Ohun táwọn èèyàn ò mọ̀ ni pé òfin yẹn kan náà, section 45, gba gómìnà láyè láti gbé agbára ìfọwọ́sí yẹn fún kọmíṣánnà. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kó gba oṣù mẹ́rìnlá. Kò sí ibi tí wọ́n ti dá iye tí ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà. Gómìnà lè jí láàárọ̀ ọ̀la kó ní ọgbọ̀n ọjọ́ ni, kó sì dín owó ẹ̀ kù, láìdúró de Àbújá. Nígbà tí Amosun jẹ́ gómìnà ní Ògùn, wọ́n ṣe Homeowners Charter, tí àwọn tó ti kọ́lé láìní ìwé fi gba C of O àti àpúrúfà ilé pọ̀ ní owó tó rọlẹ̀. Ẹ lè ní àròyé lórí bó ṣe lọ, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ìpínlẹ̀ lè ṣe é.

Wọ́n ń yọ NHF (National Housing Fund, owó àjọ fún ilé) lára owó oṣù mi, ṣé mo lè rí nǹkan kan gbà níbẹ̀?

Ẹ lè rí gbà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi sílẹ̀. Òfin NHF ti wà láti 1992, 2.5% ni wọ́n ń yọ, tówó oṣù yín bá jẹ́ ₦120,000, ₦3,000 nìyẹn lóṣù. Tẹ́ ẹ bá ti san án fóṣù mẹ́fà, ẹ ti lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè owó ilé nípasẹ̀ báńkì mọ́géèjì kan tó ń bá Federal Mortgage Bank ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún lèlé ẹ̀ fi wà ní 6%, ẹ lè fi ọgbọ̀n ọdún san án tọ́jọ́ orí bá gbà, wọ́n sì ti gbé iye tó pọ̀ jù tí wọ́n lè yáni láti mílíọ̀nù 15 lọ sí mílíọ̀nù 50. Ẹni tí ò bá yá a, wọ́n á dá owó ẹ̀ padà fún un pẹ̀lú èlé díẹ̀ tó bá fẹ̀yìntì tàbí tó pé ọmọ ọgọ́ta ọdún. Oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ náà lè forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe ti òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan.

Ibi tó ti máa ń kọ́ni lẹ́sẹ̀: ẹ bèèrè fún stéétímẹ́ǹtì NHF yín kẹ́ ẹ rí i pé ilé iṣẹ́ yín ń fi owó náà ránṣẹ́ lóòótọ́, torí mo ti rẹ́ni tí wọ́n ń yọ ọ́ lára páyésílíìpù ẹ̀ tówó ò sì dé ibi tó yẹ kó dé. Èkejì, ilé tẹ́ ẹ fẹ́ rà gbọ́dọ̀ níwèé tó pé. Ẹ ti rí i pé a ti padà sórí ìwé ilẹ̀.

Ti MREIF tí wọ́n ń sọ ńkọ́?

Owó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ni, kí báńkì lè yá àwọn tó fẹ́ ra ilé ní 9.75% títí dé ogún ọdún. Ó dáa, mo ń sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ẹ ṣírò ẹ̀: mílíọ̀nù 20 ní 9.75% fógún ọdún, nǹkan bí ₦190,000 lóṣù. Owó kan náà ní 30%, ó lé ní ₦500,000. Ẹ wá rí ìyàtọ̀ tí èlé ń ṣe, ilé kan náà, búlọ́ọ̀kù kan náà. Ṣùgbọ́n owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè yìí, ₦70,000 ni láti 2024, torí náà ẹni tó wà nísàlẹ̀ ò tíì lè débẹ̀. Ohun tá a ń bá wọn sọ ni pé kí wọ́n ya apá kan sọ́tọ̀ fún ilé kéékèèké, yàrá kan àti pálọ̀, kí ẹni tó nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà sì rí díẹ̀ yá fi parí ilé ẹ̀.

Ìjọba náà ń kọ́lé, ṣé ìyẹn ò tó?

Ìjọba ti ń kọ́lé tipẹ́. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá Housing Corporation sílẹ̀ ní 1958, òun ló kọ́ Bódìjà níbí. Gómìnà Jákáńdè kọ́ tiẹ̀ l'Ékòó láàárín 1979 sí 1983, títí dòní ẹ́sítéètì Jákáńdè la ṣì ń pè é, àwọn tó sì rí i gbà nígbà yẹn ti fi tọ́ ọmọ títí dé yunifásítì. Oṣù Kejì 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Renewed Hope City ti Karsana l'Ábújá, ilé 3,112. Mi ò kórìíra ẹ̀, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín, ta ló kọ́ Àpáta, ta ló kọ́ Òjóò n'Íbàdàn níbí? Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló kọ́ ọ, yàrá kan lẹ́ẹ̀kan. Tí ìjọba bá mú ilẹ̀, tó la ọ̀nà síbẹ̀, tó gbẹ́ gọ́tà, tó fa omi àti iná débẹ̀, tó wá pín in ní ìdajì pílọ́ọ̀tì pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, àwọn èèyàn á kọ́ ìyókù fúnra wọn, bíríkìlà àdúgbò á sì ríṣẹ́ ṣe.

Ẹ ò ṣe ní kí ìjọba fòfin dá owó sìmẹ́ńtì dúró?

Wọ́n gbìyànjú ẹ̀. Oṣù Kejì 2024, ìjọba pe àwọn ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì jókòó, wọ́n jọ fẹnu kò sí ₦7,000 sí ₦8,000. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra sìmẹ́ńtì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ mọ iye tẹ́ ẹ rà á. Iye tí wọ́n bá kà nínú ìròyìn kì í dé ṣọ́ọ̀bù.

Ayálégbé ni mí, mi ò ní pílọ́ọ̀tì kankan, kí ló kàn mí?

Ó kàn yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹni tó yẹ kó ti kó lọ sí ilé ẹ̀ tí ò lè kó lọ, yàrá tó yẹ kó ṣófo fún yín ló ṣì wà, bẹ́ẹ̀ lowó ilé á ṣe máa gòkè. Òfin ayálégbé ti Èkó, ti 2011, ní lánlọ́ọ̀dù ò gbọ́dọ̀ gbà ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, kò sì gbọ́dọ̀ gbà ju oṣù mẹ́fà lọ lọ́wọ́ ẹni tó ń san án lóṣooṣù tó ti wà nínú ilé. Kò kan Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà. Àwọn akọ́lé kan máa ń fẹ́ ká bá irú òfin yìí jà, mi ò sí nínú wọn, ayálégbé tí wọ́n gba ọdún méjì lọ́wọ́ ẹ̀ lónìí kò lè ra búlọ́ọ̀kù lọ́la. Lábẹ́ òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2026, ẹ lè yọ 20% owó ilé yín kúrò nínú owó tí wọ́n máa gba owó orí lé lórí, kó má ṣáà ti ju ₦500,000 lọ. Ẹ tọ́jú rìsíìtì yín.

Ṣé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ kí wọ́n dín òfin kù kẹ́ ẹ lè máa kọ́ ilé tó máa wó pani?

Ìbéèrè yìí dùn mí, ṣùgbọ́n ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bi wá. Ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 2021, ilé alájà mọ́kànlélógún tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó n'Íkòyí, ó lé ní ogójì èèyàn tó kú, lébírà àti oníṣẹ́ ọwọ́ sì wà nínú wọn, àwọn tó jáde nílé láàárọ̀ pé àwọn ń lọ síbi iṣẹ́. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni bẹ ìjọba pé kí wọ́n mú yíyẹ ilẹ̀ wò kúrò, tàbí ẹnjiníà, tàbí ìdánwò kọnkéré.

Àsìkò tí ọjà tutù gan-an ló léwu jù. Ẹni tówó ń tán lọ́wọ́ ẹ̀ á fẹ́ fi rọ́ọ̀dù 12mm tó tín-ín-rín síbi tí ẹnjiníà kọ 16mm sí, á fẹ́ da yanrìn kún búlọ́ọ̀kù débi pé tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ họ ọ́ á máa dà sílẹ̀ bí gààrí. Torí náà ohun tí à ń bèèrè ni kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tètè wá wo iṣẹ́, kí wọ́n wá lọ́jọ́ tá a bá fẹ́ da dẹ́kìnnì gan-an. Tí àpúrúfà bá ń gba oṣù mẹ́jọ, àwọn èèyàn á fòru kọ́lé, ilé tí wọ́n fòru kọ́ ò sì ní ẹnjiníà kankan nídìí ẹ̀.

Mo ti bẹ̀rẹ̀, owó ti tán. Kí n ṣe?

Ẹ má tà á ní gbàǹjo. Ẹ po sìmẹ́ńtì pẹ̀lú omi kẹ́ ẹ fi kun rọ́ọ̀dù tó yọrí, kẹ́ ẹ fi ọ̀rá wé e, kẹ́ ẹ bo orí ògiri kí omi má máa wọnú búlọ́ọ̀kù. Lẹ́yìn náà ẹ lo àsìkò yìí fún ìwé, sọ́fè, pláánù, àpúrúfà. Tówó bá padà dé, ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìdí.

Mi ò lẹ́nu níbì kankan, báwo ni mo ṣe lè dá sí i?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ nípàdé CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò yín. Ẹ wá ẹni mẹ́fà tí ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀ ti dá dúró bíi tiyín, ẹ kọ lẹ́tà kan sí aṣòfin tó ń ṣojú yín nílé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀, ẹ fi ẹ̀dà ẹ̀ ránṣẹ́ sí kọmíṣánnà ilẹ̀. Ẹ má kọ ọ́ bí ẹ̀bẹ̀, ẹ má sì bú ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ fi fáìlì sílẹ̀, nọ́ńbà fáìlì, iye tẹ́ ẹ san, iye ọjọ́ tó ti wà níbẹ̀, àti iṣẹ́ tó dúró torí ẹ̀, bíríkìlà mélòó, kápẹ́ńtà mélòó. Ojú ewé kan péré.

Èyí tá a ṣe nìyẹn. Fáìlì mọ́kànlá la kọ sórí bébà kan, látorí èyí tó pẹ́ jù wá sísàlẹ̀, àwa márùn-ún la gbé e lọ. Ọ̀gá tó gbà wá lálejò kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́, ó ní ìjọba ń gbìyànjú, nígbà tó wá ka ìlà àkọ́kọ́, ó bọ́ awò ojú ẹ̀, ó tún un kà, ó pe akọ̀wé ẹ̀ pé kó lọ wá fáìlì yẹn wá. Mẹ́rin ti jáde nínú mọ́kànlá yẹn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ la máa padà lọ torí méje tó kù.